Bíréèkì tó já lórí òkè Obudu, tó tún so ara rẹ̀ padà

Bọ́ọ̀sì náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Láfẹnwá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kejìlá. Dírẹ́bà tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró gbọn-in lẹ́nu kòtò tí a máa ń wọ̀ láti fi wo abẹ́ ọkọ̀. Alhaja tó ni ọkọ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ le koko. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tó fi ní, "Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ káàárọ̀. Ẹ ti rí i bó ṣe dúró. Bíréèkì tí wọ́n ní ó já lórí òkè nìyẹn. Ẹ bá mi wò ó, kí ẹ sọ òótọ́ fún mi. Bó bá jẹ́ oorun ló gbé e lọ, mo fẹ́ mọ̀."

Dírẹ́bà ò fèsì. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì ti ń wa ọkọ̀ èrò láti Abẹ́òkúta sí Èkó àti Ìbàdàn kí n tó ṣe fíríìdọ̀mù lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó kàn gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì mi, ó lọ jókòó sórí tayà àlòkù tó wà lábẹ́ igi máńgòrò. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé gáréèjì Kútọ̀ ti kún fún ìròyìn pé ó sùn lórí sitiárìn pẹ̀lú èrò mẹ́tàlá lẹ́yìn. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n ń fi lé lọ́wọ́ lójoojúmọ́, kò sí ọ̀rọ̀ tó lè bà á jẹ́ tó ìyẹn.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé bíréèkì dára lóòótọ́. Ohun tó bá já kì í so ara rẹ̀ padà. Bí páìpù bá bẹ́, bí másítà tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí tayà bá kú, bó ṣe bàjẹ́ náà ni ọkọ̀ ṣe máa dé ọ̀dọ̀ mi. Ọkọ̀ yìí ti Obudu wá, ó gba Ogoja àti Abakaliki, ó kọjá ní Ẹ̀núgù, Onitsha àti Benin, kò sí ibi tí bíréèkì ti yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Mẹkáníìkì kan tí wọ́n bá pàdé nísàlẹ̀ òkè ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Mi ò lè dá Alhaja lẹ́bi pé ó fura.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀nà náà ṣe rí, torí ẹni tó bá fi òkè Abẹ́òkúta wọn òkè yẹn ti ṣìwọ̀n. Gbogbo àwa tí wọ́n bí síbí la rò pé a mọ òkè. Inú àpáta la ti jí sáyé. Láti Ìtòkò títí dé Ṣápọ́n, ọkọ̀ ń gùn, ọkọ̀ ń sọ̀. Ṣùgbọ́n Olúmọ fúnra rẹ̀ kò ju 137 mítà lọ sí ojú òkun. Òkè Obudu, ní ìpínlẹ̀ Cross River, níbi tí ilẹ̀ wa ti fẹ́ pàdé ilẹ̀ Kamẹrúùnù, sún mọ́ 1,600 mítà. Ìlọ́po mọ́kànlá Olúmọ nìyẹn, ó tún lé. Ọdún 1951 ni wọ́n dá ọgbà màlúù sílẹ̀ lórí rẹ̀ nítorí òtútù àti koríko tó wà níbẹ̀. Ọ̀nà tó gùn ún jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 11, kọ́nà 22 ló wà lórí rẹ̀, àwọn míì sì ká débi pé imú ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú síbi tó ti ń bọ̀. Ìgúnpá Sátánì ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú wọn. Àwọn asáré láti Kẹ́ńyà àti Etiópíà ti wá du ìje lórí ọ̀nà yìí, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ gùn ún láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Àwọn tí bọ́ọ̀sì náà gbé jọ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ni, wọ́n lọ ṣe àjọ̀dún ọdún tí wọ́n jáde. Wọ́n gun òkè láàárọ̀, wọ́n sùn ọjọ́ méjì níbẹ̀, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní ọjọ́ kẹta nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọkọ̀ dé. Ó ní òun ń yà fídíò lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ̀, ìjókòó tó wà lẹ́yìn dírẹ́bà lòun wà. Ó fà fóònù yọ.

Ẹwà ni ìbẹ̀rẹ̀ fídíò yẹn. Ìkúukùu wà nísàlẹ̀ wọn, ó tẹ́ sáàárín àfonífojì bí òwú tí wọ́n sá sóòrùn. Òkè kan yọ lẹ́yìn òmíràn, èyí tó jìnnà jù dà bí èéfín. Ọ̀nà ń yí lọ sísàlẹ̀ bí ọ̀já tí abiyamọ tú jù sílẹ̀. O ń gbọ́ ohùn obìnrin náà: "Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run o! Ẹ wá wò ó!" Mo wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wù mí láti dé ibẹ̀ fúnra mi. Ìgbà kẹta ni mo tó gbé ojú kúrò lára òkè, tí mo wo dáṣíbọ́ọ̀dù.

Abẹ́rẹ́ tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì wà nísàlẹ̀ 1,000, bí ìgbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì kàn ń mí. Abẹ́rẹ́ eré sì ti kọjá 50, ó ń lọ sí 60. Ọkọ̀ tó wà nínú jíà ò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo dá fídíò dúró síbẹ̀, mo pe dírẹ́bà wọlé, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi jíà sí fírì."

Ó wo fóònù náà pẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá, epo ti wọ́n. Ọ̀nà sì jìn. Mo ní kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀, kí n fi bíréèkì dì í mú."

Mi ò pariwo mọ́ ọn. Púpọ̀ nínú àwọn dírẹ́bà tí mo ń tún ọkọ̀ wọn ṣe ló ń ṣe é, bí wọ́n bá ti rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ báyìí, fírì ni. Níbí, kò sí ohun tó máa ń tìdí ẹ̀ yọ, torí òkè wa máa ń tán kí bíréèkì tó gbóná. Ìṣẹ́jú kan, o ti dé ìsàlẹ̀, tayà ti ń yí ní pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí díìsì, irin róbótó tí bíréèkì ń dì mú lára tayà. Òkè Obudu ò tán bẹ́ẹ̀.

Mo jẹ́ kí fídíò máa lọ. Lẹ́yìn kọ́nà bíi mélòó kan, ẹnì kan béèrè pé, "Kí ló ń jóná?" Ẹlòmíì ní ó jọ òórùn rọ́bà. Kámẹ́rà mì, ó já sílẹ̀ díẹ̀, ó wá ń wo ẹsẹ̀ dírẹ́bà láàárín ìjókòó méjì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń lọ sókè sódò, sókè sódò, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Pẹ́dà ń wọlẹ̀ dé kápẹ́ẹ̀tì, kò sí ohun tó ń dá a padà. O ń gbọ́ ọ, ó ń sọ fún ara rẹ̀ lóhùn kékeré: "Kò mú. Kò mú. Kò mú." Lẹ́yìn náà ni igbe bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, fídíò sì parí.

Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi lọ pe Alhaja wá láti ṣọ́ọ̀bù aláṣọ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó jókòó.

Ìyókù, ẹnu dírẹ́bà àti ẹnu obìnrin náà ni mo ti gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ wọn sì bá ara mu. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó fi tipátipá wọ jíà kẹta, ẹ́ńjìnnì han bí ẹran tí wọ́n dè. Ó tún fà á wọ ìkejì. Eré dín. Ó ń fa háńbíréèkì díẹ̀díẹ̀, kò fà á lẹ́ẹ̀kan náà, torí bí tayà ẹ̀yìn bá dì, ọkọ̀ máa yí. Nígbà tó rí kọ́nà mìíràn níwájú, ó yà fún ẹ̀gbẹ́ tí àfonífojì wà, ó fi ọkọ̀ ha ara òkè, tayà kan bọ́ sí gọ́tà, wọ́n dúró. Ọwọ́ obìnrin kan rọ́, dígí kan fọ́, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ha láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó kú. Ohun tí ọkùnrin yìí ṣe láàárín ìṣẹ́jú yẹn, ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ni kò ní ráyè rò ó.

Wọ́n wà níbẹ̀ fún bíi wákàtí kan kí ìrànlọ́wọ́ tó dé. Nígbà tí wọ́n fa ọkọ̀ jáde nínú gọ́tà, dírẹ́bà wọlé, ó tẹ bíréèkì, pẹ́dà le bí òkúta. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, tí wọn ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀, wo ara wọn lójú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oorun ti bẹ̀rẹ̀.

Nísinsìnyí, ohun tí mo bá nínú ọkọ̀.

Mo tú tayà iwájú méjèèjì. Díìsì ti yí àwọ̀. Lójú ibi tí páàdì, ohun tó ń fún díìsì mọ́ra kó lè dúró, ti ń gbá a, ó ti yọ búlúù ṣíṣú tó ń dán, irú èyí tó máa ń hàn lára aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú ìkòkò aró. Irin kì í yọ àwọ̀ yẹn láìjẹ́ pé iná ńlá ti fọwọ́ bà á. Páàdì fúnra rẹ̀ le, ojú rẹ̀ ń dán bí gíláàsì; mo fi èékánná ha á, èékánná mi yọ̀. Páàdì olówó pọ́ọ́kú ni, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti fi sí i, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ rìnrìn àjò ni wọ́n yí i níbòmíràn. Síbẹ̀ páàdì nìkan ò lè mú kí pẹ́dà wọlẹ̀. Bí páàdì bá dán, ọkọ̀ ò ní dúró dáadáa, ṣùgbọ́n pẹ́dà á ṣì le lábẹ́ ẹsẹ̀. Pẹ́dà tó rọ̀ dé ilẹ̀, inú ọ́ìlì bíréèkì ni kí o lọ wò.

Mo so rọ́bà kékeré mọ́ ẹnu nọ́ọ̀tì tó wà lára kálípà, irin tó ń ti páàdì mọ́ díìsì, mo tú u díẹ̀, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi tẹ pẹ́dà. Ohun tó sàn jáde sínú ìgò dúdú bí omi àgbo. Ọ́ìlì bíréèkì tuntun máa ń mọ́ gaara, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí òróró ẹ̀pà.

Mo wá ṣí ìwé tí mo fi ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí. Láti ọdún mẹ́rin tí Alhaja ti ń gbé ọkọ̀ yẹn wá, mo ti bu ọ́ìlì kún un lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò dà á nù rí, mi ò fi tuntun rọ́pò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọdún méjì ni wọ́n sábà máa ń ní kí èèyàn yí i. Mo mọ̀. Èmi náà ló jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi tí wọ́n ti kọ́ mi. Ṣùgbọ́n oníbàárà ò béèrè, bíréèkì ń mú, mo jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ lójú Alhaja àti lójú dírẹ́bà pé ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

Ọ́ìlì bíréèkì dà bí iyọ̀ tí èèyàn gbàgbé láìdé lásìkò òjò. Ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó ń gba ara rọ́bà àti ẹnu ìdérí wọlé díẹ̀díẹ̀, ojú ò sì lè rí i. Èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 3, nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Bí omi inú rẹ̀ bá ti tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, 140 péré ni ìwọ̀n tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Bó bá sì wá hó, gáàsì ló ń dà nínú páìpù. Mo mú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan fún Alhaja, mo ní kó tẹ ìdí rẹ̀. Omi sáré lọ sí ẹnu kejì, ọ̀rá le. Mo ya á díẹ̀, mo dà ìdajì nù, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, mo dì í mú, mo ní kó tún tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ wọlé, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu kejì. Omi ò ṣeé fún pọ̀, gáàsì ṣeé fún pọ̀. Agbára ẹsẹ̀ dírẹ́bà ò kúrò lójú kan, ara gáàsì ló parí sí. Nígbà tí ọkọ̀ dúró fún wákàtí kan nínú afẹ́fẹ́ tútù orí òkè, gáàsì padà di omi, pẹ́dà sì le. Bíréèkì tó já tún so ara rẹ̀ padà nìyẹn.

Alhaja ní, "Ṣé kí ọkọ̀ kan ṣoṣo máa sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ló lè gbóná tó bẹ́ẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni, mo sì bá a ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́yìn káàdì. Bọ́ọ̀sì náà pẹ̀lú èrò àti ẹrù tó bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Ìsàlẹ̀ sí òkè tó bíi 870 mítà. Gbogbo agbára tí ẹ́ńjìnnì fi gbé ìwúwo yẹn gòkè, ibì kan ló gbọ́dọ̀ lọ bó bá ń bọ̀ nílẹ̀. Bí jíà bá wà, ẹ́ńjìnnì máa gba èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá wà ní fírì, yàtọ̀ sí díẹ̀ tí afẹ́fẹ́ àti tayà gbà, ìyókù ló di ooru lára díìsì àti dúrọ́ọ̀mù. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, ooru náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti fi hó omi tútù garawa oní-20 lítà mẹ́rin. Ẹ fojú inú wo garawa omi mẹ́rin tó ń hó lórí irin mẹ́rin tí kò tóbi ju àwo oúnjẹ lọ.

Káwọn ọmọ iṣẹ́ mi má baà rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni, mo bu ọ́ìlì dúdú yẹn sínú agolo mílíìkì kan, mo bu tuntun sí ìkejì. Mo gbé àwọn méjèèjì sórí yanrìn nínú abọ́ irin lórí sítóòfù iná mànàmáná, níta gbangba, mo lé gbogbo wọn sẹ́yìn torí ọ́ìlì náà lè gbiná. Èyí dúdú kọ́kọ́ ń tú ìfófó wẹ́wẹ́ létí agolo, bí ẹ̀kọ tó fẹ́ hó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ń ru. Tuntun dákẹ́ rọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo pa iná. Dírẹ́bà ti dìde kúrò lórí tayà, ó dúró tì wá, kò mú ojú kúrò lára agolo dúdú.

Iṣẹ́ tí a ṣe ò pọ̀. A fi ọ́ìlì DOT 4 fọ gbogbo páìpù, láti tayà tó jìnnà jù sí másítà wá sí èyí tó sún mọ́ ọn jù, títí ohun tó ń jáde fi mọ́ gaara. DOT 4 ń fara da 230 nígbà tó bá jẹ́ tuntun, 155 nígbà tó bá ti fa omi. A yí díìsì iwájú méjèèjì àti páàdì, a yí okùn háńbíréèkì tó ti nà. Owó ọ́ìlì àti iṣẹ́ ọwọ́, mi ò gbà á.

Ọ̀rọ̀ jíà ló gba àkókò jù, kì í ṣe torí pé ẹ̀gbọ́n ò gbọ́, torí pé ogún ọdún tí èèyàn fi ń ṣe nǹkan ò ṣeé já lọ́jọ́ kan. Níbi tí òkè ti ga bíi ti Stelvio ní Ítálì, tó jẹ́ 2,757 mítà, tí kọ́nà 48 sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ò ju ọ̀kan lọ: jíà tí o fi gùn ún ni kí o fi sọ̀. Dírẹ́bà ní jíà kejì lòun fi gun Obudu. Mo ní, ìkejì náà ni kí ẹ fi bọ̀, kí ẹ wọ̀ ọ́ lórí òkè kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bí ẹ bá fẹ́ dín eré, ẹ tẹ bíréèkì dáadáa fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀ pátápátá kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn, ẹ wá ibi tó tẹ́jú, kí ẹ dúró, kódà bí àwọn èrò bá ń kánjú. Ó ní, "Epo ńkọ́?" Mo ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé òde òní, bí wọ́n bá wà nínú jíà tí ẹsẹ̀ kúrò lórí tòtù lórí ìsọ̀kalẹ̀, wọ́n máa ń dá epo dúró fúnra wọn. Fírì gan-an ló ń jẹ epo, torí ẹ́ńjìnnì ní láti máa mí. Ó ṣí ẹnu. Ó ní kí n tún un sọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Alhaja wá gbé ọkọ̀. Ó pe dírẹ́bà sí ẹ̀gbẹ́ kan, mi ò gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n mo rí i tó fi kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́wọ́, tó fi ọwọ́ kejì bo ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹ̀gbọ́n padà wá nìkan. Ó ní Alhaja ti gbà, ṣùgbọ́n Kútọ̀ ò tíì gbà, ọmọ òun tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé bàbá rẹ̀ sùn lórí ọkọ̀. Ó béèrè bóyá mo lè kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, bí mo ṣe rí i, kó lè ka á fún un. Mo ní mo máa kọ ọ́, mo sì máa kọ ti fírì àti ti ọ́ìlì tí èmi náà ò yí mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ kọ gbogbo ẹ̀, Ọ̀gá. Kó ṣáà ti wà níbẹ̀ pé mi ò sùn."

Kò sùn.